Oúnjẹ Alẹ́ Tí À Ń Jẹ Ní Òwúrọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìyá kan ni ó fà á wá. Ìyá náà ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìpàta ní Ìlọrin níbí. Ilé tí ó ń gbé jẹ́ irú ilé tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú wa, níbi tí oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí ti jọ ń fa omi nínú kànga kan, tí wọ́n jọ ń sá aṣọ sórí okùn kan náà. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìyá yìí wọ aṣọ funfun, ó fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlájà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ kí i, ó béèrè ibi tí ìmúra báyìí ń lọ. Ìyá dáhùn pé, "Àlájà, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni a fẹ́ jẹ lónìí." Àlájà wo ojú ọ̀run, ó ní, "Oúnjẹ alẹ́ kẹ̀, Ìyá Elélùbọ́? Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tí ì lù o!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín ni, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kò rí èsì fún un, ọ̀rọ̀ náà sì bá a dé inú ìsìn. Nígbà tí a jáde, ó wá bá mi. Ó ní, "Alàgbà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi ni mo ti ń jẹ ẹ́, n kò bi ara mi léèrè rí. Ṣé àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ni ó ṣì í ni, àbí àwa ni a ń jẹ ẹ́ ní àkókò tí kò yẹ?" Èmi sì ń wá ẹni tí yóò bá mi kó àga. Mo dá a lóhùn pé, "Ìyá, orúkọ lásán ni." Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tí kò pé, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Ìwò yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Mo padà sídìí ìwé, mo sì rí i pé èsì tí mo fún ìyá kò dára.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa kò ní aago, síbẹ̀ wọ́n mọ bí a ti ń pín ọjọ́. Ìdájí ń bẹ, àfẹ̀mọ́júmọ́ ń bẹ, kùtùkùtù ń bẹ, kí a tó dé òwúrọ̀. Ìyálẹ̀ta ń bẹ láàrin òwúrọ̀ àti ọ̀sán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ bí a ti ń kí ènìyàn ní ìyálẹ̀ta mọ́. Ọ̀sán ní gangan tirẹ̀, nígbà tí òjìji kò ju ẹsẹ̀ ẹni lọ. Lẹ́yìn náà ni ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti dẹwọ́, tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í rọ òṣìṣẹ́. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, tí a ń fi ojú wá ojú, àṣálẹ́ nìyẹn. Nígbà náà ni alẹ́ yóò wá dé, kí ó tó di òru, kí òru náà tó di ọ̀gànjọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da alẹ́ pọ̀ mọ́ òru, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní alẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n ojú ṣì là. Iná ń jó nínú ilé. Alẹ́ ni àkókò àlọ́, nítorí a kì í pàlọ́ ní ọ̀sán. Alẹ́ ni ọkọ ń gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà lẹ́nu ìyàwó, alẹ́ ni bàbá ń pe ọmọ tí ó ṣẹ̀ láàárọ̀ jókòó. Ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn wa ní alẹ́, àlejò ni. Ẹni tí ó bá kàn án ní òru, a ó kọ́kọ́ bi í ní orúkọ rẹ̀ kí a tó ṣí i. Ìdí nìyẹn tí àdúrà wa fi ń lọ pé kí alẹ́ wa ó san wá. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnì kan gbàdúrà pé kí òru òun ó san òun. Mo sọ èyí nítorí àwọn oníwàásù kan tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ alẹ́, àjẹ́ àti oṣó ni wọn yóò fi gbogbo wákàtí méjì ka lórí. Alẹ́ tí èmi bá nínú Bíbélì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlọrin tí a ń gbé yìí tún kọ́ wa ní ohun kan nípa alẹ́ tí Kristẹni ìlú mìíràn lè má tètè rí. Ẹni tí ó bá ń gbé ibí kò nílò aago: àsùbáà ni yóò jí i, àìlà yóò sọ fún un pé ọ̀sán ti pọ́n, alàásárì yóò sọ fún un pé ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, màgàrìbì ni oòrùn wọ̀, ìṣáì sì ni alẹ́ ti dé tán. Oòrùn wa níbí kì í tètè wọ̀ ṣáájú aago mẹ́fà, kì í sì í pẹ́ kọjá nǹkan bí aago méje, yálà òjò ni tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpè nìkan ni mo ní lọ́kàn. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ní ti àwa Yorùbá, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ọjọ́ tuntun dé. Bí a bá ní "alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì", ti Ọjọ́bọ̀ ni alẹ́ náà, ó kàn ń rìn lọ bá Ẹtì ni. Ẹ bi Àlájà léèrè, yóò sọ fún yín pé bí oòrùn bá ti wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, òru Jímọ̀ ti wọlé nìyẹn. Bí wọ́n bá rí oṣù Ràmàdáánì ní àṣálẹ́, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìrun àṣámù, kí ilẹ̀ ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tó mọ́ rárá. Alẹ́ ni ó ń ṣáájú, ọ̀sán ni ó ń tẹ̀lé e. Èmi ti fara gbá a rí. Aládùúgbò mi kan pè mí sí àdúrà ìṣílé ní òru Jímọ̀. Mo múra dáadáa, mo lọ ní alẹ́ Ẹtì, mo bá ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ dànù. Wọ́n ti ṣe é tán láti àná.

Bí ti àwọn Júù náà nìyẹn. Ẹ ṣí ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, kí ẹ ka bí Ọlọ́run ti dá ayé. Bí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá ti parí, àṣálẹ́ ni a ń kọ́kọ́ dárúkọ, kí a tó dárúkọ òwúrọ̀, kí a tó ka iye ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀. Nínú Léfítíkù orí kẹtàlélógún, nígbà tí Ọlọ́run ń sọ fún wọn bí wọn yóò ti pa ọjọ́ Ètùtù mọ́, láti àṣálẹ́ dé àṣálẹ́ ni ó ní kí wọn kà á.

Ẹ wá fi èyí wo ọ̀sẹ̀ ìjìyà Olúwa wa. Àwa a máa sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni ó bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹun, Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ó kú. Ọjọ́ méjì ni lójú wa. Lójú àwọn tí ó jókòó ti tábìlì náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Oòrùn wọ̀, ọjọ́ náà wọlé, Jésù sì jókòó láti jẹun. Wọ́n kọrin, wọ́n jáde lọ sí òkè Ólífì, wọ́n mú un ní òru, àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́ bá a lọ́dọ̀ Pílátù, wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú. Ní wákàtí kẹsàn-án ó jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́. Wákàtí kẹsàn-án yẹn ni aago mẹ́ta ọ̀sán tiwa, kò jìnnà sí ìgbà tí ìpè alàásárì ń dún ní Ìlọrin. Wọ́n sì yára sin ín, nítorí bí oòrùn bá wọ̀, Sábáàtì ti dé nìyẹn. Láàrin àṣálẹ́ kan sí àṣálẹ́ kejì ni gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ yẹn kì í ṣe ìparí àná. Òun gan-an ni ó ṣí ilẹ̀kùn ọjọ́ náà. Ó ti bu ara rẹ̀ fún wọn lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án. Mo ti ka ìtàn yìí láti ìgbà èwe mi, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí àfi ìgbà tí Àlájà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé oúnjẹ Àjọ Ìrékọjá ni wọ́n ń jẹ. Ẹ́kísódù orí kejìlá sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀: ìrọ̀lẹ́ ni kí wọn pa ọ̀dọ́ àgùntàn, kí wọn sun ún, kí wọn sì jẹ ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni ẹsẹ kẹrin, tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Bí agbo ilé kan bá kéré ju kí wọn jẹ àgùntàn kan tán, kí wọn pe aládùúgbò tí ilé rẹ̀ wà nítòsí, kí wọn jọ jẹ ẹ́. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń béèrè pé ta ni ó wà ní yàrá kejì.

Ǹjẹ́ àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ni ó ṣì í bí? Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò ní èdè Gíríìkì nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí kọkànlá, oúnjẹ ńlá òòjọ́ ni, èyí tí gbogbo ilé ń jókòó tì nígbà tí iṣẹ́ bá ti tán, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní alẹ́. Ó bá tiwa mu rẹ́gí. Nígbà èwe wa, a lè fi ẹ̀kọ àti àkàrà tan ebi ní òwúrọ̀, a lè jẹ iṣu sísun ní oko ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n iyán tàbí ọkà alẹ́ ni oúnjẹ tòótọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tí ó ṣe aṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, ọmọ Òṣogùn ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó dàgbà sí, kí àwọn ajagun Fúlàní àti Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ tó kó ìlú rẹ̀ ní ọdún 1821, tí wọ́n sì kó òun náà lẹ́rú. Ní ọdún 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Kò kórìíra ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Mùsùlùmí nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àlùfáà, àdúrà, ìwàásù, àní wákàtí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti bọ́ sẹ́nu Yorùbá, wọ́n sì wà nínú Bíbélì wa títí di òní. Nígbà tí ó rin ìrìn àjò orí ilẹ̀ láti Lọ́kọ́ja dé Èkó, láti oṣù kọkànlá ọdún 1871 wọ oṣù kejì ọdún 1872, ó gba Ìlọrin yìí kọjá.

Bí ìtumọ̀ bá tọ̀nà, a jẹ́ pé àwa ni ó yí àkókò padà, kì í sì í ṣe ìyípadà òní. Ní ìgbà àwọn Àpọ́sítélì, alẹ́ ni: ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí ogún, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù ní Tíróásì títí di ọ̀gànjọ́, tí Yútíkù sùn lọ, tí ó sì já bọ́ láti ojú fèrèsé. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń sùn nínú ìsìn, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o.) Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 112, gómìnà Róòmù kan tí ń jẹ́ Pliny kọ̀wé sí ọba rẹ̀ láti apá àríwá ilẹ̀ tí ń jẹ́ Tọ́kì lónìí. Ó ní àwọn Kristẹni a máa péjọ kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kan pàtó láti kọrin sí Kristi, wọn a sì tún péjọ lẹ́yìn náà láti jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ti dáwọ́ ti oúnjẹ náà dúró nígbà tí òfin ìjọba ká ẹgbẹ́ kíkó lọ́wọ́ kò. Kò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn èyí tí Tertullian ti Kátéjì, ní ilẹ̀ Tùnísíà òní, fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ìpéjọ àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti ń gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò oúnjẹ ni Olúwa fi í lélẹ̀. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Kátéjì kan náà tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ ní ọdún 258, fèsì irú ìbéèrè ìyá wa yìí gan-an: ó ní Kristi ṣe é ní àṣálẹ́, ṣùgbọ́n àjíǹde Olúwa ni àwa ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà ni òwúrọ̀ ti gba ipò. Àwọn Kátólíìkì pàápàá, ọdún 1953 ni Póòpù Pius Kejìlá tó fún wọn ní àyè gbígbòòrò láti máa ṣe Máàsì ní ìrọ̀lẹ́.

Èsì kan nìyẹn, ó sì dára, n kò bá Cyprian jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan bọ́ sílẹ̀ nígbà tí oúnjẹ alẹ́ di oúnjẹ òwúrọ̀, Kọ́ríńtì orí kọkànlá náà ni ó sì fi hàn wá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Kọ́ríńtì? Kì í ṣe pé ẹnì kan jí búrẹ́dì. Àwọn kan ń tètè dé, wọ́n ń jẹ oúnjẹ tiwọn, wọ́n ń mu títí wọn yóò fi yó, àwọn mìíràn sì ń dé bá abọ́ òfìfo. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ Bíbélì gbà pé olówó ni àwọn tí ó tètè dé, tí kò sí ẹni tí ń dá wọn dúró níbi iṣẹ́. Àwọn ẹrú àti alágbàṣe ni ó pẹ́ dé, nítorí ọ̀gá wọn ni ó ni àkókò wọn. Pọ́ọ̀lù bínú. Ó ní ohun tí wọ́n ń jẹ kì í ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa rárá. Ohun tí ó ní kí wọn ṣe sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè kà á kọjá: kí wọn dúró de ara wọn.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí èyí ṣe àjèjì sí. Nínú ilé tí ó bá gún, a kì í jẹ oúnjẹ alẹ́ tán kí ẹni ìkẹyìn tó wọlé. Ìyá yóò bu tirẹ̀ sínú abọ́, yóò fi abọ́ mìíràn dé e, yóò sì sọ fún àwọn ọmọ pé ti ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn. Òjò lè rọ̀, ọkọ̀ lè bàjẹ́ ní Gánmọ̀, abọ́ náà yóò ṣì wà níbẹ̀. Oúnjẹ òwúrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: oníkálukú ń yára jẹ tirẹ̀, ó ń sáré jáde. Oúnjẹ alẹ́ nìkan ni ó ń ka àwọn ọmọ ilé.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ọjọ́ Àìkú Oúnjẹ Alẹ́ kan, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ọlọ́dẹ lára, tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òru ni ó fi ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan, ẹni tí yóò gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tètè dé. Ìgbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ìjọ ti jẹ tán, èmi sì ni mo ń fi aṣọ funfun bo tábìlì. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ó ń wò mí. Búrẹ́dì ṣì wà, wáìnì ṣì wà. Mo ní, "Bùròdá, ó di oṣù tí ń bọ̀." Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó lọ jókòó sẹ́yìn títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò bínú, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù tí ó tẹ̀lé e, kò wá. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó tún fi ojú kàn án. Mo tẹ̀lé ìlànà o, kò sí alàgbà tí yóò bá mi wí. Ṣùgbọ́n mo dé abọ́ ní ojú ẹni tí ó ni ín.

Òun nìkan kọ́. Ẹ ka àwọn tí ó wà nínú ìjọ yín: nọ́ọ̀sì tí ó sùn mọ́jú lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Òkè-Òyì, awakọ̀ tí ó gba ọ̀nà Jẹ́bà lóru, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó jáde kí ó tó fọ gbogbo abọ́ tán, opó tí ó jẹ́ pé òwúrọ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá. Àwọn náà ṣe ìrìbọmi. A a máa fún wọn ní orúkọ, a ń pè wọ́n ní apẹ́lẹ́yìn.

A a tún máa ka ẹsẹ tí ó sọ pé kí ènìyàn yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó jẹ, ìwàásù wa lórí rẹ̀ a sì máa dá lórí àgbèrè àti ọtí. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nínú orí yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni pé ẹnì kan yó, ebi sì ń pa ẹnì kejì. Bí a bá fẹ́ yẹ ara wa wò nípa alẹ́, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí owó iṣẹ́. Diutarónómì orí kẹrìnlélógún sọ pé kí a san owó alágbàṣe ní òòjọ́, kí oòrùn má wọ̀ bá a lọ́wọ́ wa. Nínú òwe Jésù tí ó wà nínú Mátíù orí ogún, nígbà tí alẹ́ lẹ́ ni olóko ní kí wọn pe àwọn òṣìṣẹ́ wá gba owó wọn, àwọn tí ó dé kẹ́yìn ni ó sì kọ́kọ́ gbà. Ní Ìlọrin wa yìí, àwọn lébìrà ń dúró létí títì ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, wọ́n ń retí ẹni tí yóò pè wọ́n. Ẹni tí ó bá lò wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, tí ó ní kí wọn padà wá lọ́la, ó ti gba oúnjẹ alẹ́ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Bí ó bá wá di ọjọ́ Àìkú, kí ni ó fẹ́ jẹ?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn alàgbà. Kò rọrùn. Àwọn kan ní ohun tí àwọn bàbá ìjọ fi lélẹ̀ kò ṣe é yí. Àwọn àgbà obìnrin ní ẹ̀rù òru ń ba àwọn, owó kẹ̀kẹ́ sì ń lé sí i bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Níkẹyìn a fohùn ṣọ̀kan pé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ó gbé e sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí àwọn àgbà lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Alàgbà kan tí ó fẹ́ràn àwàdà ní a ó yáa máa pè é ní Oúnjẹ Ìrọ̀lẹ́ Olúwa nígbà náà.

Mo lọ bá Ìyá Elélùbọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ fún èsì tí kò pé tí mo fún un, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, àti ti àwọn Júù, àti ti Kọ́ríńtì. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun yóò sọ fún Àlájà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní Àlájà kò tilẹ̀ ṣe kàyéfì sí i. Àlájà ní ọmọ òun tí ń gun ọ̀kadà kì í tètè dé nígbà ààwẹ̀, pé bí ìpè màgàrìbì bá ká a mọ́ ojú ọ̀nà, omi tútù ni ó fi ń ṣínu níbi tí ó bá wà, ṣùgbọ́n òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àkàrà tirẹ̀ títí yóò fi dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe é, ìyá tún jáde pẹ̀lú aṣọ funfun. Àlájà ń gbá ojúlé rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Elélùbọ́. Ti òní ti ń sún mọ́ ọn." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ọ̀sì méjì wá pẹ̀lú aṣọ ilé. Ọkùnrin ọlọ́dẹ náà wá, a ránṣẹ́ sí i ni, aṣọ iṣẹ́ sì wà lára rẹ̀, nítorí aago méje ni yóò gba ipò. Èmi ni mo gbé ife dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mu ún, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lábẹ́ àga, ó sì jáde lọ sí ibi iṣẹ́.